Wọ́tà hítà tó ti gbó: àwọn àmì tí kò yẹ kí ẹ gbójú fò

Òtútù ọyẹ́ kì í bá àgbàlagbà ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni tòjò oṣù Keje náà kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí wọ́tà hítà nínú ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, yálà ní Gowon Estate tàbí lójú ọ̀nà Ìdímù. Àwọn kan wà lára wọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láìsí ẹni tó yẹ inú wọn wò rí.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀rọ tó ti gbó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó ṣe ìjàǹbá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń sọ, nítorí níbi tí omi àti iná mànàmáná bá ti pàdé, àṣìṣe kékeré ti tó láti pa èèyàn.

Bí omi kò bá gbóná mọ́

Ẹ má tíì dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Nǹkan bíi 230 volt ló yẹ kí iná tó ń wọlé jẹ́. Bó bá rẹlẹ̀ dé 160, wọ́tà hítà kò ní lè ṣe tó ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo gílóòbù bóyá ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ẹ wo fáànù bóyá ó ń fà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iná ni kò lágbára.

Ṣùgbọ́n bí iná bá dára, tí iná kékeré tó wà lára ẹ̀rọ kò sì tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ súwíìṣì, fíùsì tàbí wáyà ló jó. Bí iná kékeré náà bá tàn, àmọ́ tí omi ṣì tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin tó ń mú omi gbóná nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní element, ló bàjẹ́.

Bí omi bá ń gbóná jù

Thermostat ló ń pa iná nígbà tí omi bá ti gbóná tó. Bó bá bàjẹ́, omi lè máa hó lọ láìdúró. Omi tó bá gbóná dé 60 digiri Celsius lè bó èèyàn lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, awọ ọmọdé àti ti àgbàlagbà ló sì tètè ń bó jù. Fáàfù kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà tó ń tú agbára tó bá pọ̀ jù jáde. Bó bá ń kán omi, ẹ má dí i. Ẹ̀rọ tí kò bá ríbi mí lè bú gbàmù.

Bí bírékà bá ń já wálẹ̀, tàbí tí iná ń gbé yín fẹ́rẹ́

Èyí ló burú jù. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, omi máa ń jẹ ara element títí tí yóò fi kan wáyà inú rẹ̀. Iná á wá máa bá omi rìn. Bí wáyà tó wọlẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earth, bá wà ní pípé, ibẹ̀ ni iná náà máa gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí wáyà yìí bá ti já, tàbí tí ẹni tó wáyà ilé kò tiẹ̀ fi síbẹ̀, ara ẹni tó ń wẹ̀ ni iná lè gbà kọjá.

Nítorí náà, bí bírékà bá ń já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò kó so wáyà pọ̀. Olùṣọ́ ni bírékà. Bí omi tàbí súáwà bá sì ń ta yín lọ́wọ́, ẹ má sọ pé kò le. Ẹ pa á pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má tàn án mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi dé.

Iṣẹ́ yín àti iṣẹ́ oníṣẹ́ iná

Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ wò ó bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúdú, bóyá wáyà ń gbóná tàbí ó ń rùn bíi rọ́bà tó jó. Wọ́tà hítà 3,000 watt ń fa iná tó 13 amp, gbogbo ohun tí púlọ́ọ̀gì ńlá lè gbé nìyẹn. Ẹ má fi sórí ẹkisitẹ́ńṣàn. Ẹ máa pa á lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó wọlé wẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa tàn án.

Ṣíṣí ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ pe oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò. Ẹ ní kó wọn earth ilé, kó yẹ element àti thermostat wò, kó sì fi bírékà tó ń já bí iná bá jò tó 30 milliamp síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé táǹkì rẹ̀ gan-an ló ti dípẹtà tó ń jò, ẹ má tún un ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ tètè sọ fún lánlọ́ọ̀dù.

Bí iná bá gbé ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ kọ́kọ́ pa iná gbogbo ilé, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767.

Kí oníṣẹ́ tó dé, omi orí gáàsì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ kọ́kọ́ bu omi tútù sí i, kí ẹ tó da gbígbóná lé e.