Fáírọ́ọ̀sì Dìgbòlugi Di Atọ́nà Nínú Ọpọlọ

Lọ́dún 1968, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì kan lára asín. Wọ́n fi orúkọ àdúgbò Mókọ́lá pè é. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1956, wọ́n ti rí òmíràn lára àdán l'Ékòó, èyí tí ayé ń pè ní Lagos bat virus. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì jẹ́ sí fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi tí ajá ń kó ranni. Ìdílé apànìyàn yìí náà ló ti wá di irinṣẹ́ ìwádìí ọpọlọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ dìgbòlugi?

Bí ajá dìgbòlugi bá bu ènìyàn jẹ lẹ́sẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ láàrin ara àti ọpọlọ ló ń wọ̀. Yóò ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èyí tó ń ránṣẹ́ sí i, títí yóò fi dé ọpọlọ. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù 86 nínú ọpọlọ wa. Ohun tó sì ṣòro láti mọ̀ ni èyí tó ń bá èyí sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbà sì lè fi í hàn.

Báwo ni wọ́n ṣe tún un ṣe?

Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ian Wickersham, Edward Callaway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Salk Institute, California, yọ jíìnì tí fáírọ́ọ̀sì náà fi ń ràn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n fi jíìnì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì tàn yòò rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá yàn nínú ọpọlọ eku nìkan ni wọ́n ń fún ní ohun tí wọ́n yọ náà. Láti ibẹ̀, fáírọ́ọ̀sì yóò ràn lẹ́ẹ̀kan péré, dé ara àwọn tó ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì yẹn tààrà, yóò sì dúró gbagidi bí ọ̀kadà tí epo tán nínú rẹ̀. Gbogbo èyí tó bá ń tàn ti jẹ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Mókọ́lá náà wúlò: àwọn onímọ̀ ti gbé awọ ara rẹ̀ wọ fáírọ́ọ̀sì mìíràn, kó lè gbé jíìnì wọnú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ẹranko.

Àléébù ńkọ́?

Sẹ́ẹ̀lì tó bá gba fáírọ́ọ̀sì ti 2007 yìí kì í pẹ́ kú. Ìdí kan nìyí tí ó fi jẹ́ iṣẹ́ yàrá ìwádìí lára ẹranko, kì í ṣe ìtọ́jú fún ènìyàn.

Dìgbòlugi gidi ṣì ń pa ènìyàn bíi 59,000 lọ́dọọdún, kò sì sí oògùn tó dájú fún un bí àmì àìsàn bá ti yọ. Nítorí náà, bí ajá bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.