Ẹ̀yin oníṣòwò Ọjà Ọba, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá wà nínú ìbọn ìléwọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ rà

Tí àwọn olè bá ti jà níbì kan nílùú Òṣogbo, tàbí tí wọ́n bá dá ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà lọ́nà níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ láti Iléṣà, ẹ ò ní í ṣàì gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin kan lábẹ́ ìsọ̀ l'Ọjà Ọba pé: “Èmi náà á lọ ra tèmi ni jàre. Kí wọ́n wá bá mi!” Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tán síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó pa owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan mọ́lé, tí kò rí oorun sùn, ó lè gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúrò lórí ẹ̀rín, kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ń tà á.

Kì í ṣe ṣakabùlà táwọn ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká lẹni bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn. Ìbọn ìléwọ́ ló ń wá, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní rìfọ́fà. Òun lẹ máa ń rí nínú fíìmù àwọn òyìnbó, tó ní ilé ọta rìbìtì láàárín, tí ilé ọta náà ń yí bí wọ́n bá ti ń yìn ín. Ọta mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Samuel Colt, ará Amẹ́ríkà, ló gbàwé àṣẹ lórí tiẹ̀ nílẹ̀ wọn lọ́dún 1836. Ìdí táwọn èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀ ò ju pé ó kéré, ó ṣeé kì bọ àpò, kì í sì í tètè há bíi tàwọn ìbọn ìléwọ́ mìíràn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959, pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní làwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní, àfi tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún un láṣẹ. Bọ́ǹbù wà níbẹ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, ìbọn àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o: rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ tó kù, àtèyí tó ti di ti ayé àtijọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà! Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ oníkatiríìjì, èyí tí Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá lè fún èèyàn níwèé lórí ẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àtàwọn ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ti ẹnu kì, ìwé àṣẹ sì wà fún ìyẹn náà.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú òfin, ẹni tó ra rìfọ́fà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí àtẹni tó gbé ìbọn arọ̀jò-ọta pamọ́ sínú àjà, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ìyà tó kéré jù fún un. Òfin mìíràn tún wà, èyí tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Ìyẹn ní owó ìtanràn N20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì pa pọ̀, lẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́ máa gbà. Kò dìgbà tó bá yìn ín. Kò sì sẹ́ni tó máa wò ó pé oníṣòwò gidi ni. Ibi ìdigunjalè ni wọ́n á ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀.

Ká tiẹ̀ wá ní ẹnì kan dijú, ó ní òun á rà á. Ọta ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, ibẹ̀ láwọn èèyàn kì í sì í rò dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ra ìbọn, ọta ni wọ́n ń rà títí. Ọta kì í ṣe gààrí tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n fún gbogbo ayé. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Rìfọ́fà tí wọ́n ṣe fún ọta .357 lè gba ọta .38, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún .38 kò gbọdọ̀ gba .357, agbára ìyẹn pọ̀ jù fún un. Ẹni tó bá ṣì í rà lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ bá a lọ.

Ta ni yóò wá tà á fún un? Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan l'Ọ́ṣogbo tàbí n'Iléṣà tó lè fi ọta rìfọ́fà pàtẹ lábẹ́ òfin, nítorí bí wọ́n ṣe ka ìbọn yẹn léèwọ̀ náà ni wọ́n ka ọta ẹ̀ léèwọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta á fáwọn adigunjalè ló máa lọ. Ẹ rò ó wò. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sá fún, ẹ̀yin àti ẹ̀ ti di oníbàárà ẹnì kan náà! Ẹni tó ta ọta ọ̀hún ti mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ yín, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín, ó mọ̀ pé ìbọn wà nílé yín, ó sì mọ̀ pé ẹ ò lè fẹjọ́ òun sùn. Nínú gbogbo èyí, èwo ni ààbò?

Àwọn míì máa ní àwọn á gba ti alágbẹ̀dẹ. Ìbọn àgbélẹ̀rọ tí wọ́n ń fi páìpù ṣe, ó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́, nítorí irin ẹ̀ kò le tó agbára katiríìjì. Òfin ò sì yọ̀ǹda ìyẹn náà.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí wọ́n mọ ìtàn ọta ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, ṣakabùlà ló kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Ṣakabùlà ò le láti bọ́: ẹ̀tù àti irin wẹ́wẹ́ ti tó o. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó ṣètò bí ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé. Ìró àwọn ìbọn yìí ni wọ́n ní ó bí orúkọ “Kírìjì.” Ó jìnnà ju ṣakabùlà lọ, ó sì yá ju ṣakabùlà lọ. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ilé kò lè rọ katiríìjì ẹ̀, etíkun ló gbọ́dọ̀ ti máa wá. Tí ọ̀nà bá dí, igi lásán ni ìbọn. Odidi ẹgbẹ́ ló wà lẹ́yìn àwọn yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886, káwọn ọmọ ogun tó tú ká lọ́dún 1893. Ta ló wà lẹ́yìn oníṣòwò kan ṣoṣo?

Ẹni tó bá ní ìdí láti ní ìbọn, bí àgbẹ̀ tàbí ọdẹ, ọ̀nà òfin wà. Ìbọn ọdẹ oníkatiríìjì ni kó lọ gbàwé ẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe èyí tó ń ti ọta mìíràn bọ ẹnu ara ẹ̀. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Tó bá rí i gbà, kó mọ ọta tó ń rà: nọ́ńbà 12 tó wà lára katiríìjì gbọ́dọ̀ bá ti ìbọn mu. Ní ti ọta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i lọta ń kéré sí i. Èyí tó kéré ni ti àparò, èyí tó tóbi ni ti ìgalà. Méjèèjì kò ṣeé yìn láàárín èrò ọjà.

Ẹ má sì gbàgbé Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni wọ́n, ọlọ́pàá ń ṣọ́ wọn, síbẹ̀ inú ilé wọn ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, làwọn apààyàn ti ká wọn mọ́ lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2001. Ìròyìn ìgbà náà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ jẹun. Ìbọn tí kò sí nítòsí lásìkò tí wọ́n nílò ẹ̀, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí rárá. Rìfọ́fà tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tólè ti dé orí yín ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Ojú lalákàn sì fi ń ṣọ́rí. Ẹ má jẹ́ kí owó ọjà sùn sílé. Ẹ má máa gba ọ̀nà kan náà lọ sílé lójoojúmọ́. Ẹ ní nọ́ńbà téṣàn tó wà nítòsí yín àti ti Àmọ̀tẹ́kùn, tó ti wà láti 2020, lórí fóònù yín. Ẹni tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó tètè wá lọ́yà tó máa tẹ̀ lé e lọ fi í lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kó má dá lọ.

Iye tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ fi ra ọta, ẹ dá a jọ láàárín ìsọ̀ yín, kẹ́ ẹ fi kún owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru.