Kí Ríìmù Tó Di Ìkòkò Ọbẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, kí ó má ṣàì ya New Bell. Àdúgbò náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣòwò níbẹ̀, títí tí wọ́n fi ń pe ọjà kan níbẹ̀ ní Ọjà Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì fẹ́ lé àwọn Duala lọ nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ etí odò wọn. Ọba Rudolf Duala Manga Bell tako wọn. Wọ́n pe èyí ní ọ̀tẹ̀, wọ́n sì so ó rọ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọdún 1914. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ríìmù ni.

Orí ọmọlanke ni ọ̀pọ̀ ẹrù ọjà New Bell ń gùn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ àlòkù ni ó sì ń gbé e rìn. Ní Kamẹrúùnù, a kì í kàn sọ irin àlòkù nù. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ a yọ́ ọ, wọn a dà á sínú yanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán ìkòkò sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ṣakí ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ Ògún ni, ó sì yẹ kí a yìn ín.

Àmọ́ irin ní ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ iná. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Art Ingels ti kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ ìdíje kékeré tí wọ́n ń pè ní go-kart ní ọdún 1956, àmì ara irin ni àwọn tí ń kó go-kart àtijọ́ jọ fi ń dá ríìmù mọ̀. Bí ojú rẹ̀ kò bá jọ̀lọ̀, inú yanrìn ni a dà á sí. Bí ó bá ń dán, tí òbìrí kéékèèké bí ojú owó wà lẹ́yìn rẹ̀, inú àpótí irin ni a dà á sí, ọ̀pá tí ó tì í jáde ni ó fi ojú òbìrí náà sílẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ni ibi tí ìlàjì méjèèjì àpótí ti pàdé. Lẹ́tà tí ó yọ sókè a máa sọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nígbà mìíràn ọdún tí a dà á tàbí irú irin tí ó jẹ́.

Ọjọ́ orí ríìmù ni àwọn wọ̀nyẹn ń wá. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kan ẹni tí ń da ìkòkò. Ríìmù ìdíje àtijọ́ mìíràn jọ alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n magnísíọ̀mù ni. Ó fúyẹ́ jù ú lọ: ibi tí alumíníọ̀mù bá ti wọn gíráàmù 2.7, gíráàmù 1.74 ni òun yóò wọn. Bí a bá ha á, tí a kán ọtí kíkan sí i, yóò máa hó. Bí ó bá gbiná nínú ìléru, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa fọ́ ojú, bí a bá sì da omi sí i, ńṣe ni yóò tún le sí i.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú jù kò sí nínú lẹ́tà. Etí ríìmù ni ó wà: òjé kékeré tí àwọn fọ́kanáísà ń kàn mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n. Láti ọdún 2005 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ òjé yìí lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti kó wá sí èbúté wa ńkọ́?

Ní ọdún 2014, Jeffrey Weidenhamer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ìkòkò àti ohun èlò ìdáná 29 tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Kamẹrúùnù dà. Lára ẹ́ńjìnnì, rédíétọ̀, agolo àti àlòkù ilé kíkọ́ ni irú irin bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Wọ́n fi omi tí ó kan bí ọtí kíkan sè é, òjé sì jáde lára ọ̀pọ̀ nínú wọn; wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè tó máíkírógíráàmù 260 nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò mọ ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bàjẹ́ jù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò kí a tó pe ọmọ kan ní olódo.

Èmi kò bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wí. Láti ọdún 1957 ni a ti ń fi agbára odò Sanaga ṣe alumíníọ̀mù ní Edéa, ibi tí kò jìnnà sí Douala. Síbẹ̀ ìkòkò àlòkù ni owó tálákà ká. Òòlù àti ẹ̀mú tó láti yọ òjé etí ríìmù. Kí a ya rédíétọ̀ onídẹ sọ́tọ̀ pẹ̀lú, nítorí òjé wà nínú ohun tí a fi jó o pọ̀. Kí a sì ka ara irin kí a tó gbé e ka iná, nítorí bí ó bá ti yọ́ tán, kò sí ẹni tí ó lè kà á mọ́.