Ọ̀ṣọ́ Pàápàá Ẹrù Ni

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lífìtì kan já ní ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní Ilé-Ìwòsàn Ìjọba ti Ọ̀dàn ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀dọ́bìnrin dókítà kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní gbangba pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ké nípa lífìtì náà. A kò wí pé ẹrù àpọ̀jù ni ó fa ti Èkó. Ṣùgbọ́n ikú náà kọ́ wa pé lífìtì kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú yẹpẹrẹ wò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí nípa ewu kan tí ojú kì í tètè rí.

Ọdún 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, kó láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé alájà tí a kọ́ ní ilẹ̀ wa ní sáà náà ti di àgbà; Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ti wà ní ìdúró láti 1965. Ilé tí ó bá dàgbà ń fẹ́ àtúnṣe, àwa kò sì lòdì sí àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tún lífìtì àtijọ́ ṣe, ẹwà ni ọ̀pọ̀ onílé ń kọ́kọ́ rò: òkúta mábù nílẹ̀, dígí lára ògiri. Ta ni ó ń béèrè bí ẹwà náà ti wúwo tó?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò. Lífìtì tí a ṣe fún ènìyàn 8, tí ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 630 lọ, sábà máa ń ní ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 1.1 tí ó sì jìn ní mítà 1.4. Bí a bá tẹ́ òkúta mábù tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 síbẹ̀, yóò wúwo tó kílò 83. Bí a bá fi dígí tí ó nípọn ní mìlímítà 6 bo ògiri ẹ̀yìn, bí kílò 33 tún dé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 116, èyí tí ó ju ìwúwo ènìyàn kan àti ààbọ̀ lọ. Àwọn èrò yìí kì í sọ̀kalẹ̀, tọ̀sán-tòru ni wọ́n wà nínú lífìtì. Síbẹ̀ ènìyàn 8 ni ó ṣì wà lára pátákó.

Bí lífìtì ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Okùn irin gba orí kẹ̀kẹ́ ńlá kan kọjá ní òkè ilé. Yàrá tí ènìyàn ń wọ̀ so mọ́ apá kan, irin wíwúwo tí ó ń bá a ṣe ìdọ́gba so mọ́ apá kejì. Ìwúwo irin yìí tó ti yàrá náà lófìfo pẹ̀lú bí ìdajì ẹrù tí a gbà fún un. Bí a bá fi kílò 116 kún yàrá láìfi nǹkan kún irin, ìdọ́gba ti bàjẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá kún inú rẹ̀, búréèkì lè má ràn án mọ́, okùn lè máa yọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, yàrá sì lè sún kúrò ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹnì kan ń gbé ẹsẹ̀ jáde.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi irin kún irin. Lóòótọ́, ìdọ́gba yóò padà. Ṣùgbọ́n kílò 232 ni a ti fi kún ohun tí okùn, kẹ̀kẹ́ àti òrùlé ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ìdádúró tí ó ń gán yàrá mú bí okùn bá já, irú èyí tí Elisha Otis fi han aráyé ní New York ní 1854, nígbà tí ó dúró lórí pèpéle rẹ̀ tí ó ní kí a gé okùn: ó ní ìwọ̀n ẹrù tí a ṣe é fún. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀wù irin fún arúgbó aláàárù, tí ó sì tún ní kí ó ru iye ẹrù àná, ṣé ó fẹ́ràn aláàárù náà?

Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 1987, pàṣẹ pé kí a kọ ìwọ̀n ẹrù sára lífìtì, kí ẹni tí ó ní àṣẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù 6. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni a ṣe òfin náà fún. Ǹjẹ́ ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́, aláìsàn àti akọ̀wé kéré sí tiwọn bí? Ní Amẹ́ríkà, bí àfikún bá ti ju ìdá 5 nínú 100 àpapọ̀ ìwúwo yàrá àti ẹrù rẹ̀ lọ, ìlànà wọn ní kí a tún gbogbo ẹ̀rọ náà gbé yẹ̀wò. Kílò 116 wa ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nǹkan kún lífìtì àtijọ́ láìjẹ́ pé ẹnjiníà wọn ohun náà, tí ó sì kọ ìwé sí i. Bí agbára ẹ̀rọ kò bá tó, kí a lo ohun fífúyẹ́, tàbí kí a dín iye ènìyàn tí ó wà lára pátákó kù. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti ka pátákó náà, kí wọ́n sì gbọ́ràn sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá fẹ́ ṣe àgbà lọ́ṣọ̀ọ́, kí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí ọrùn rẹ̀ lè gbé.