Àlòkù Bátìrì fún Sólà Ilé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Gbé E Wọlé

Páńẹ́lì sólà lè lo ogún ọdún lórí òrùlé. Bátìrì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń kó owó lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń wá àlòkù: èyí tí bánkì yọ kúrò lára inverter wọn, èyí tó ti ìdí ọ̀pá tẹlifóònù wá, tàbí tòkunbọ̀ inú ọjà. Kò burú. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá a máa pààrọ̀ bátìrì nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti já sí nǹkan bí 80 nínú 100, torí wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró lójijì. Èyí tó kù nínú irú bẹ́ẹ̀ ṣì lè tan iná ilé. Àmọ́ inú òkìtì kan náà ni èyí tó ti kú pátápátá wà, wọ́n sì ti nù ún kó máa dán.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Bátìrì tó wú, tó sán tàbí tó ń jò, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè ibi tó ti wá. Wọ́n ń jí bátìrì gbé nídìí ọ̀pá tẹlifóònù àti lára iná òpópónà, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ ni yóò ṣàlàyé fún ọlọ́pàá.

Mítà nìkan kò tó. Bátìrì òjé 12 fóòtì tó kún, tí wọ́n yọ lẹ́nu ṣájà di ọjọ́ kejì, máa ń ka 12.6 sí 12.8. Bó bá ka nǹkan bí 10.5, ó jọ pé ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà inú rẹ̀ ti kú; ẹ má nawó sí i. Ṣùgbọ́n arúgbó bátìrì náà lè ka 12.6, kó sì dákú gbàrà tí ẹ bá fi í ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tan gílóòbù tàbí fáànù tó ń jẹ 100 wáàtì sí i. Bátìrì 200Ah tó pé yóò gbé e fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá kó tó dé ìdajì agbára rẹ̀. Èyí tó bá wálẹ̀ sí 11 fóòtì láàárín wákàtí méjì kò ṣeé so mọ́ sólà. Òǹtajà tó bá kọ̀ kí ẹ dán an wò ti dá yín lóhùn.

Bátìrì tó pẹ́ nílẹ̀ lófìfo kì í sábà jí. Nǹkan funfun líle máa ń hù sára àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó gba iná mọ́. Àwọn rẹ̀wáyà kan máa ń da áásìdì tuntun sí i láti jí i. Yóò tan fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀tàn ni. Áásìdì kì í gbẹ nínú bátìrì, omi nìkan ló ń gbẹ. Omi bátìrì ni kí ẹ fi kún èyí tó ní ìdérí, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n dì pa, ẹ má tú u.

Ẹ má so ogbó pọ̀ mọ́ tuntun, tàbí 150Ah mọ́ 200Ah. Èyí tó rẹ̀ jù ni yóò fa ìyókù lulẹ̀.

Gbígbé e àti ibi tí yóò gbé

Bátìrì 200Ah kan wúwo tó nǹkan bí 60 kìlógíráàmù: iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ sílẹ̀. Sípánà tó bá kan orí rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ fi fíúsì sára wáyà nítòsí bátìrì gan-an.

Gáàsì tó ń jáde nígbà tí ó bá ń gba iná lè bú gbàmù. Nítorí náà kì í gbé yàrá tí ènìyàn ń sùn, a kì í sì tan àbẹ́là tàbí oògùn ẹ̀fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ pa ṣájà, kí ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ jáde.

Bí áásìdì bá ta sójú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i láìdúró fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa tàbí wàrà sí i.

Òjé àti àwọn ọmọ wa

Ewu tó tóbi jù kì í ṣe ti iná; ti òjé inú bátìrì ni. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń tú ògbólógbòó bátìrì láti yọ òjé. Ilẹ̀ àti eruku ibẹ̀ ló pa wọ́n. Ẹni tó ń da áásìdì sí gọ́tà kí bátìrì lè fúyẹ́ ń da òjé sí gọ́tà náà ni. Ẹni tó ń yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé láti fi ṣe òjé àwọ̀n ń fín ẹ̀fín rẹ̀ sára aṣọ tí ọmọ rẹ̀ yóò dì mọ́.

Bátìrì yín bá kú, ẹ tà á ní odindi, pẹ̀lú áásìdì inú rẹ̀, fún ẹni tí kì í tú u sílẹ̀ ládùúgbò. Ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ da áásìdì rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Inú rírun tí kò lọ, ìgbẹ́ tó ń há, àìlẹ́jẹ̀ àti gìrì wà lára àmì òjé nínú ọmọdé. Òmíràn kì í fi àmì kankan hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń tú bátìrì tàbí tí wọ́n ń yọ́ òjé nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ẹ bá gbé ọmọ dé, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé.