Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ẹyẹ lásán lè mú bàlúù já bọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Badarawa, ẹ kì í ṣe àjèjì sí bàlúù kékeré. Kàdúná yín ni ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàlúù, 401 Flying Training School, ti Ọmọ Ogun Òfurufú wà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tí àwòdì kan lè ṣe fún irú bàlúù bẹ́ẹ̀?

1️⃣ Eré ló ń sọ ẹyẹ di òkò. Bí eré bàlúù bá di ìlọ́po 2, agbára ìkọlù náà á di ìlọ́po 4.

2️⃣ Òfin Amẹ́ríkà ní kí gíláàsì iwájú bàlúù èrò ńlá lè fara da ẹyẹ tó wọn pọ́n-ùn 4. Ọ̀pọ̀ bàlúù kékeré ni òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹyẹ lè fọ́ gíláàsì, kó sì bá awakọ̀ lójú.

3️⃣ Ọ̀pọ̀ bàlúù kékeré ló ní ẹ́ńjìnnì kan péré. Bí ẹyẹ bá ba ìyẹn jẹ́, kò sí èkejì.

4️⃣ Ìgbà tí bàlúù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀ ni ewu pọ̀ jù. Síbẹ̀, ní 1973, igún kan kọlu bàlúù ńlá lókè Abidjan, ní ẹsẹ̀ bàtà 37,000! Bàlúù náà balẹ̀ láyọ̀.

5️⃣ Ààtàn àti odò ẹran ló ń pe àwòdì, igún àti lékeléke jọ. Ẹ má da ilẹ̀ sí ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú.

Irú ẹyẹ wo ló pọ̀ jù ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín in fáwọn èèyàn yín. 🙏