TA LÓ NI ILÉ TÍ Ẹ KÓ ẸRÙ YÍN PAMỌ́ SÍ?

Ẹ̀yin ará Àìlégùn, ẹ̀yin èèyàn Èjìgbò, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì lápapọ̀, ẹ jọ̀ọ́, a ní ìbéèrè kan fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Fọ́tò ìgbéyàwó yín, rìsíìtì ilẹ̀ yín, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, ohùn ìyá yín olóògbé tí ẹ gbà sílẹ̀, níbo ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí?

Ẹlòmíì á ní, "Inú fóònù mi ni." Ẹni tó lajú díẹ̀ á ní, "Ó wà nínú kláùdì." Kláùdì wo? Òyìnbó kàn fi àwọsánmà sọ ọ́ lórúkọ ni o, kò sí nǹkan kan lókè. Kọ̀ǹpútà ni, inú ilé oníǹkan ló wà, ní ìlú tí ẹ ò dé rí. Ilé ọ̀hún sì lè jóná bí ilé yòówù. Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná sọ ní ilé ìkó-kọ̀ǹpútà-sí ti OVH ní ìlú Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà ẹrù rẹ̀ níbòmíì, ọwọ́ òfo ló bá lọ.

AYÁLÉGBÉ NI WÁ

Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ṣe rí l'Ékòó? Onílé ló ń sọ iye owó, òun náà ló ń sọ ìgbà tí èèyàn máa kó jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí níbí. Google fi àyè ọ̀fẹ́ tí kò lópin gba fọ́tò lọ́wọ́ aráyé fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2021, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́: ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ti ju 15 GB lọ, kó mú owó wá.

Ti owó tilẹ̀ sàn. Lọ́dún 2021 yẹn kan náà, ara ọmọ baba kan ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà, kò yá. Wọ́n ní kó fi fọ́tò ibi tó ń dun ọmọ náà ránṣẹ́ kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ Google rí fọ́tò náà, ó pè é ní ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ baba náà. Lẹ́tà rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, títí kan nọ́ńbà fóònù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá wádìí, wọ́n ní kò dáràn kankan. Síbẹ̀ Google kò ṣílẹ̀kùn.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ta ni kò gbọ́ ti àwọn ayánilówó orí fóònù? Ẹ yá ẹgbẹ̀rún mélòó kan, wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín, ẹ pẹ́ san án, wọ́n wá ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àna yín àti pásítọ̀ yín pé olè ni yín. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni àjọ FCCPC ya bo ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó lọ́dún 2022. Àjọ yìí kan náà ló bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà, ní oṣù keje, ọdún 2024. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2025.

Ẹ ò rí i pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni? Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń báni mu.

ẸNI TÓ FI ILÉ ARA RẸ̀ ṢE ÀKÀ

Àwọn kan wà tí wọ́n ti gba ara wọn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni wọ́n tàn kalẹ̀ nílé, òun ni wọ́n sọ di sẹ́fà. Fóònù bàbá, ti ìyá àti ti àwọn ọmọ á máa kó fọ́tò àti fáìlì wọn sínú rẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ Nextcloud, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016, lè ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ lè lo Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó jáde ní ìlú Ọba lọ́dún 2012. Ẹ sì lè lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village n'Íkẹjà. Tòkunbọ̀ náà nílò ìṣọ́ra o. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ra háàdì dísìkì tòkunbọ̀ ní Èkó níbí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rà á, ẹ nù ún mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ta tiyín, ẹ nù ún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Iná ńkọ́? Raspberry Pi tó ń jẹ wáàtì 5 tọ̀sán-tòru kò ní ju yúníìtì 3.6 lọ lóṣù. Tí yúníìtì bá jẹ́ 210 náírà, 756 náírà nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 20 á gba nǹkan bí 3,000 náírà. Ínfátà kékeré lè gbé e nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ.

Àǹfààní míì ni pé nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ẹni tó ní sẹ́fà nílé ṣì ń rí fáìlì rẹ̀ lórí Wáì-fáì ilé rẹ̀.

IBI TÍ WÀHÁLÀ WÀ

A ò ní tàn yín. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó bá wà níta kò lè mọ yàrá tiyín. Ẹ máa nílò ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ bíi WireGuard tàbí Tailscale kí ẹ tó lè ti ọ́fíìsì wọ sẹ́fà ilé. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ yìí náà ló dára jù, nítorí ẹni tó ṣí sẹ́fà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún aráyé ti pe olè wá jẹun. Ẹ má sì fi í-meèlì bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń dá lẹ́tà tó bá wá láti àdírẹ́sì ilé padà.

Èkejì, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lọ́dún 2022, àwọn olè wọ LastPass, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú páswọ́ọ̀dù. Ibo ni wọ́n gbà wọlé? Kọ̀ǹpútà tó wà nílé ẹnjiníà wọn kan ni! Plex, ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù, wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti dí ihò ara ètò náà láti ọdún 2020, ọ̀gá ẹnjiníà kò gba àtúnṣe náà. Tí ẹnjiníà bá lè sùn lọ, èmi àti ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tí kò bá ní ráyè gba àtúnṣe lóòrèkóòrè, kó má dán an wò.

Ẹ̀kẹta, olè ilé àti iná ilé wà. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú sẹ́fà, ọ̀kan nínú háàdì dísìkì tí ẹ yọ sọ́tọ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín n'Íbàdàn tàbí l'Abẹ́òkúta, kó jẹ́ èyí tí ẹ fi páswọ́ọ̀dù tì pa. Kí ẹnìkan nínú ilé náà sì mọ páswọ́ọ̀dù ọ̀hún, torí ọjọ́ ikú kì í rán oníṣẹ́.

OHUN TÍ ÀKÀ ILÉ KÒ LÈ ṢE

Ohun kan wà tí kò sí lọ́wọ́ wa. Lóṣù kẹfà, ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kígbe síta pé wọ́n ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà péré. Àjọ NIMC ní ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn àwọn. Èyí ó wù ó jẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbé NIN rẹ̀ sínú sẹ́fà ilé kó ní ó parí. Ìjọba ló gbà á, ìjọba ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Òfin ìdáàbòbò àṣírí aráàlú ti wà láti oṣù kẹfà, ọdún 2023, àjọ NDPC ló sì ń bójú tó o. Ẹ fẹjọ́ sùn wọ́n tí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ.

Ṣùgbọ́n ohùn ìyá yín àti fọ́tò àwọn ọmọ yín, ìjọba kọ́ ló gbà á. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ ra háàdì dísìkì kan, ẹ da ohun tó wà nínú fóònù sí i. Sẹ́fà lè dé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń bá Nẹ́pà yí i. Ojú ìwé lẹ́tà ń dúró dè yín.